Wọ́n Pè Mí Ní Sárà, Jẹjẹrẹ Ni

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní fi bò. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí tí wọ́n ń fi orin bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi orin parí, kó yáa wá a lọ síbòmíràn. Mo ń kọ èyí fún obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti lọ, tó wá dédé rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ lẹ́yìn tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ìwọ ni mò ń bá wí. Jókòó, kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ.

Fọlákẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, ṣùgbọ́n Àbújá ni mo ti ń jẹun láti ìgbà ọmọge mi. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń ṣe, níbi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì. Nyanya là ń gbé nígbà náà, èmi àti ọkọ mi, Bàbá Tósìn, tó ń ta páànù ní ọjà Dei-Dei. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa, Tósìn ni àkọ́bí, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àìsàn nìkan kọ́.

Nígbà tí nǹkan oṣù mi kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, inú mi dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, inú mi dùn! Láàrin wa, ṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń túfọ̀ òkú. Àwọn obìnrin á rọra sọ sí ọ létí pé, "Ìwọ náà ti di bàbá nìyẹn," wọ́n á wá máa kí ọ kú ìfaradà. Èmi ò rí ohun tí wọ́n ń bá mi kẹ́dùn lé lórí. Láti ọmọdé ni inú ti máa ń run mí lóṣooṣù débi pé màá ká jọ sílẹ̀. Mo gé irun mi mọ́lẹ̀. Gbogbo síkẹ́ẹ̀tì dúdú tí mò ń wọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà hàn, mo kó wọn fún ẹni tó fẹ́. Mo tún forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, torí ìgbéyàwó ò jẹ́ kí n lọ nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lọ. Mo ti jẹ́ ọmọ ẹnì kan, mo ti jẹ́ ìyàwó ẹnì kan, mo ti jẹ́ ìyá ẹni mẹ́ta. Mo wo dígí lọ́jọ́ kan, mo ní, "Fọlákẹ́, ìwọ gan-an ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n pè mí lórí fóònù láti ilé.

"Ìyá Tósìn, ìwé kí lo tún fẹ́ kà nírú ọjọ́ orí yìí? Ọmọkùnrin ni ká jọ máa wá, kì í ṣe sátífíkéètì."

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọ̀nà ibẹ̀ ti dí."

Wọ́n ní ọ̀nà kì í dí mọ́ Ọlọ́run lójú. Mo fi ẹ̀rín gbé e kúrò. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí.

Ó tó bí ọdún méjì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ ni mo dìde lórí àga mi lọ́fíìsì, tí mo rí i pé ara mi tutù lábẹ́. Mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni. Kò pọ̀, kò sì dùn mí rárá. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Hauwa, tí tábìlì wa jọ kángun síra, rí ojú mi nígbà tí mo jáde. Ọmọ Hausa ni, ṣùgbọ́n Ṣáṣá ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju tàwọn ọmọ mi lọ. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Kai! Ìyá Tósìn, èyí ò dáa o. Ohun tó ti lọ, kí ló wá padà wá ṣe? Irú ẹ̀ ló ṣe àǹtí mi, a ò tètè lọ. Ẹ gba ọsibítù lọ lónìí."

Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún Bàbá Tósìn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn: ohun tó bá ṣe ara rẹ, ọkọ ni kó kọ́kọ́ gbọ́, ìwọ tí o ni ara lo máa gbọ́ kẹ́yìn.

Mo délé, mo sọ fún un. Ẹ wá wo bí ojú ọkùnrin ṣe mọ́lẹ̀! Mi ò tíì bọ́ bàtà tó ti pe ìyá rẹ̀. Igbe Màmá jáde látinú fóònù. "Sárà! Sárà inú Bíbélì! Ọlọ́run ti ṣí i! Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀?" Bàbá Tósìn ń fò sókè nínú pálọ̀, ọkùnrin tí kì í dìde bu omi fún ara rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ọ̀bọ. Mo ní, "Hauwa ní kí n lọ ọsibítù." Ó ní, "Kí ni Hauwa mọ̀ nínú ohun tí Olúwa ń ṣe?"

Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ ti gbọ́. Ìyá Ìjọ wá bá wa nílé, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ tètè dúpẹ́ kí ọ̀tá tó gbọ́. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún mi. Àwọn obìnrin ìjọ tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń jó, wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni pé ìyàwó tuntun ni wọ́n ń sìn lọ. Ìyá Ìjọ gba gbohùngbohùn, wọ́n ní, "Ẹ wá wo Sárà ayé òde òní! Ohun tó gbẹ ti rú o!" Ìjọ hó yèè. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo mọ̀ ọ́n lára bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà. Páàdì méjì ni mo wọ̀ léra wọn lábẹ́ aṣọ funfun yẹn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló gbé mi.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi yà sẹ́yìn. Ẹ ṣáà dìde lọ́jọ́ kan, kí ẹ sọ fún ìjọ tó ń jó pé ohun tí wọ́n ń jó sí kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, kí n rí yín. Kí ẹ sì sọ fún ọkọ tí inú rẹ̀ ò dùn báyẹn rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Bàbá Tósìn ra ẹran wálé lọ́jọ́ náà, ó ń pè mí ní adúmáadán. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni mí, ó dùn mọ́ mi. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé ó dùn mọ́ mi.

Màmá ò tún dúró sílé mọ́. Wọ́n di ẹrù, wọ́n wọ mọ́tò wá bá wa ní Nyanya, wọ́n gbé ìkòkò àgbo ka iná. Èyí tó ń mú ilé ọmọ gbóná wà níbẹ̀, èyí tó ń mú un mọ́ wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń mu ún, tí mò ń bì. Wọ́n ní kí n fi yunifásítì sílẹ̀, pé inú tí ọmọ fẹ́ wọ̀ kì í jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fi sílẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ yàrá, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, mo sì sọ fún ọkọ mi pé ó ń dùn mí. Ó ní kí n fara dà á, pé ohun rere kì í ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora. Ìrora ta ni? Tirẹ̀ ni?

Oṣù ń gorí oṣù. Ẹ̀jẹ̀ ò tẹ̀lé oṣù mọ́, ó ń dé nígbà tó bá wù ú. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Òórùn kan wá ń jáde lára mi tí mi ò mọ̀ rí, ojú ń tì mí láti jókòó ti èèyàn nínú bọ́ọ̀sì. Mo rù débi pé òrùka ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá ní oyún ni. Wọ́n ní oyún ọkùnrin máa ń fi ìyá rẹ̀ ṣe báyẹn. Tósìn, ọmọ mi, ti di àgbà, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá ni, Yorùbá rẹ̀ ò já geere. Ó di ọwọ́ mi mú ní kíṣìnì, ó ní, "Mọ́mì, this one kì í ṣe baby o. Please, ẹ jẹ́ ká lọ." Màmá gbọ́, wọ́n ní kó gbé ẹnu ẹ̀ kúrò lọ́rọ̀ àgbà.

Nígbà tí mo dákú lẹ́nu iṣẹ́ ni Bàbá Tósìn tó gbà kí a lọ ọsibítù ìjọba. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. A dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, obìnrin ibẹ̀ bi mí pé kí ló ń ṣe mí, kí n tó lanu, ọkọ mi dá a lóhùn: "Ọmọ là ń wá." Bí wọ́n ṣe fi mí sí ìlà àwọn tó ń wá ọmọ nìyẹn. Wọ́n ní ìlà náà gùn, kí a padà wá ní oṣù tó ń bọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàrin àwọn ọmọdébìnrin tó tó Tósìn, tí wọ́n ń wò mí láti òkè délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi, ọkọ mi sì ń bá alágbàtà páànù sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí a ṣe jókòó la ṣe dìde, a padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọṣọ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Hauwa gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá, Tósìn náà yẹra níbi iṣẹ́ tirẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ọsibítù náà. A ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn kan sì ti sùn síbẹ̀ kí wọ́n lè wà níwájú. Wọ́n wá fáìlì mi tì. Nọ́ọ̀sì kan ní kí a máa bọ̀ lọ́la. Hauwa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀, kí wọ́n wá gbé òun. Wọ́n rí fáìlì náà.

Dókítà tó gbà wá wọlé, obìnrin ni, kò dàgbà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé ìdí, kò rẹ́rìn-ín, kò pè mí ní Sárà. Wọ́n wo inú mi pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n sì mú díẹ̀ nínú ẹran ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, ó fa àga rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Mọ́mì, jẹjẹrẹ ni. Inú ilé ọmọ ló wà. Ó dà bíi pé kò tíì jáde síta, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbẹ̀. A gbọ́dọ̀ yọ ilé ọmọ yẹn kíákíá."

Ohun tí mo sọ ni pé, "Ṣùgbọ́n a ti dúpẹ́." Ọmọ ọlọ́mọ wò mí, kò mọ ohun tí mò ń sọ. Tósìn ló bú sẹ́kún.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ náà ò gbọ́dọ̀ pẹ́. Nọ́ọ̀sì wá ní kí n mú ọkọ mi wá, kó wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà mi ti wá bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún wọn nílé. Bàbá Tósìn gbé ọwọ́ lérí. Màmá ò sunkún, wọ́n kàn fọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣàkó pé, "Kò sẹ́ni tó máa yọ ilé ọmọ ìyàwó ilé mi. Obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀, tó bá tún ayé wá, àgàn ni yóò jẹ́ títí yóò fi kú."

Mo ní, "Màmá, ta ló lọ sí ayé yẹn tó bọ̀ wá ròyìn?"

Wọ́n ní, "Àwọn tó bí wa sọ ọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a rò. Onígbàgbọ́ ni Màmá! Ẹni tó ń gbààwẹ̀, tó ń ka Bíbélì láràárọ̀. Ibo ni wọ́n ti rí àtúnwá nínú rẹ̀? Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ, Sárà ni wọ́n ń pè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí mi, àwọn tó bí wọn ni wọ́n ń pè. Ìyá Ìjọ wá, àwọn náà ní kí a fún Ọlọ́run láyè díẹ̀ sí i, pé yíyọ ilé ọmọ lẹ́yìn ìdúpẹ́, bí ẹni sọ pé Ọlọ́run purọ́ ni. Tèmi ńkọ́? Mo ti bímọ tán, mo ti tọ́ wọn. Mo sọ ọ́ fún wọn pé ayé tí mo wà yìí ni mo fẹ́ gbé, èyí tó ń bọ̀ kó máa bọ̀ ná. Wọ́n ní orí mi ti dàrú, pé ìwé tí mo lọ ń kà ló fà á.

Ọkọ mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbólóhùn kan ló ń sọ: "Jẹ́ kí ọkàn Màmá balẹ̀ ná." Mo kúnlẹ̀ fún un. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta, lórí ìkúnlẹ̀, tí mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kí wọ́n wò mí sàn. Ọ̀sẹ̀ ń lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà sí ọsibítù, "Ọkọ yín dà?" ni wọ́n fi ń kí mi káàbọ̀. Ní ti owó, ọkọ mi ní òun ti kó gbogbo rẹ̀ sórí ọjà. Mo yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọ́fíìsì wa.

Ní ọjọ́ kan, mo kàn jókòó níwájú dókítà yẹn, mo bú sẹ́kún, mo ní kò ní wá, ọkọ mi ò ní wá láéláé, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n kú.

Ó ní, "Mọ́mì, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé orí yín pé?"

"Ó pé."

"Ẹ fọwọ́ sí i fúnra yín nígbà náà. Ara yín ni."

Mo wò ó. Mo ní, "Ṣé mo lè fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ ni?"

Ojú tì í. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbí nìyẹn, kí ẹbí má baà wá bá wọn jà lẹ́yìn ọ̀la, pé òun ò mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì ti ń dá mi padà tó bẹ́ẹ̀. Ha! Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi kúnlẹ̀! Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí jẹjẹrẹ fi ń jẹun nínú mi! Kò sẹ́nì kankan tó lanu sọ fún mi pé èmi ni mo ni ara mi. Mo fẹ́ lu tábìlì rẹ̀ fọ́. Mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i, inú sì bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bírò náà ya ìwé.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní bí mo bá jáde, èmi àti ọmọ àwọn ti parí. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Hauwa ló fún mi ní ẹ̀jẹ̀, Tósìn ló jókòó tì mí. Bàbá Tósìn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wo ibi tí wọ́n wé fún mi, ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n yọ?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀." Ó sorí kodò bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó dìde, ó lọ. Kò bi mí bóyá ó ń dùn mí.

Wọ́n tún fi ẹ̀rọ jó ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ìyókù má baà hù. Ìgbà mìíràn ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́, gbogbo wa á jókòó, àwa tí a ti ìlú oríṣiríṣi wá, a ó máa wo ara wa. Àárẹ̀ ọ̀hún ò ṣeé fẹnu sọ. Ìgbẹ́ gbuuru gbé mi ṣánlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń rò ó pé bí mo bá tètè wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọkọ mi ti gbé ọmọdébìnrin kan níyàwó ní Dei-Dei. Ojú ọgbẹ́ mi ò tíì jinná. Mi ò bá ọmọ náà jà. Mo ránṣẹ́ sí i pé bí ohunkóhun bá ṣe é lára, kó má kọ́kọ́ sọ fún ọkọ, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Apo, ní Àbújá kan náà, ni mò ń gbé báyìí, èmi àti Tósìn, yàrá kan àti pálọ̀. Mi ò tíì bọ́ tán. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ mí wò lóòrèkóòrè, ẹsẹ̀ mi kan máa ń wú, ooru máa ń mú mi lójijì bí ẹni pé mo jókòó ti àdògán. Mo ti padà sí yunifásítì, èmi ni mo dàgbà jù ní kíláàsì, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Gbogbo Wa, mi ò sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan. Àwọn kan ń sọ lẹ́yìn mi pé mo ti di ọkùnrin. Ọkùnrin wo? Ọkùnrin wo ló fara da ohun tí mo fara dà?

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí nǹkan oṣù rẹ bá ti lọ, tí ẹ̀jẹ̀ wá padà dé, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́, má dúpẹ́, má gbààwẹ̀, má mu àgbo. Dìde lọ. Mú ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lè lé dànù dání. Bí wọ́n bá ní kí o mú ọkọ wá, bèèrè bóyá dandan ni. Bí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ, o ò dín kù. Ọmọ ló gbé inú rẹ̀, ìwọ kọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àyẹ̀wò mi mọ́. Bí ìròyìn ṣe dé etí Màmá, mi ò mọ̀. Wọ́n pè mí. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, bí wọ́n tiẹ̀ ò rí mi, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí.

"Ìyá Tósìn, a gbọ́ pé ara ti le koko. Ògo ni fún Olúwa! Mo ti bá Ìyá Ìjọ sọ ọ́, a fẹ́ kí o wá dúpẹ́. Ṣé o ti wá rí i báyìí pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wa?"

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe àdúrà yín ló gbọ́. Bó bá jẹ́ tiyín ló gbọ́ ni, ẹ̀ bá ti sin mí."

Wọ́n ní, "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà."